Ẹ Bọ́ Ìyá Kí Ẹ Tó Bọ́ Ọmọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣe bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá korò lẹ́nu lónìí. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò sì mọ bí a ṣe ń rọra sọ̀rọ̀ ikú abiyamọ.

Ní oṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ àwa ìyá ní àdúgbò wa dá owó jọ láti ran àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Borno lọ́wọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìpàdé, kí ni mo rí? Agolo mílíìkì ọmọ ọwọ́ ni wọ́n tò jọ gègèrè bí ẹni fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú fíídà lóríṣiríṣi. Mo dìde, mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, oúnjẹ ìyá ọmọ dà?" Ìyá Ẹgbẹ́ wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọmọ ni ebi ń pa níbẹ̀. Àgbà á fara dà á."

Àgbà á fara dà á! Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ dá lóhùn níhìn-ín, nítorí kì í ṣe Ìyá Ẹgbẹ́ nìkan ló ń sọ ọ́.

Obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́yàn gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí kálórì 500 kún oúnjẹ rẹ̀ lójúmọ́. Bí kò bá rí i, ọmú kì í kọ́kọ́ gbẹ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti burú. Ara ìyá ni wàrà á máa fà, ọ̀rá rẹ̀, ẹran ara rẹ̀, èròjà inú egungun rẹ̀. Ọmọ ń mu, ìyá ń rù, títí wàrà náà yóò fi dín kù. Aboyún ńkọ́? Ẹni tí ebi ti gbẹ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, bó bá bímọ tí ẹ̀jẹ̀ ya díẹ̀, ìwọ̀nba tí obìnrin tó jẹun kánú á dìde lórí rẹ̀, òun lè bá a lọ. Mo ti fojú ara mi rí i nílùú tí kò sí ogun kankan.

Ẹ wá gbé agolo mílíìkì lé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Omi wo ni yóò fi pò ó? Igi wo ni yóò fi se fíídà? Bí mílíìkì bá ti fẹ́ tán, á là á lómi. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru. Kí agolo tó tán, ọmú tí ọmọ kò mu mọ́ ti gbẹ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, ìyẹn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1981 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ní ìlànà tó lòdì sí pé kí àwọn oníṣòwò máa fún àwọn ìyá ní mílíìkì yìí lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn mìíràn á ní, "Ogun ni, kí la fẹ́ ṣe sí i?" Ebi Borno kò já láti ọ̀run o. Láti ọdún 2009 tí ìjà Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń pa àgbẹ̀ lóko. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2020, ní Zabarmari, wọ́n pa àwọn tó ń kórè ìrẹsì, ó kéré tán èèyàn 43. Àwọn ológun tiwa náà fòfin de àgbàdo àti ọkà bàbà nítòsí ojú ọ̀nà, wọ́n ní ọ̀tá ń sá pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n fòfin de ajílẹ̀ yúríà nítorí bọ́ǹbù. Wọ́n de òwò ẹja Adágún Chad. Mi ò sọ pé kò nídìí. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, nígbà tí ẹ gba oko tí ẹ gba odò, kí lẹ fi rọ́pò rẹ̀ fún aboyún? Bó bá jáde lọ ṣẹ́gi tà, wọ́n lè gbé e lọ, bí wọ́n ṣe kó ọ̀pọ̀ obìnrin lọ ní agbègbè Ngala ní oṣù kẹta ọdún 2024. Bó bá sì jókòó sí àgọ́, Amnesty International ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2018 pé àwọn kan tó yẹ kó dáàbò bò wọ́n ń fi oúnjẹ bá obìnrin dúnàádúrà ara wọn. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́.

Ẹ tún gbọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, àwọn dókítà MSF dé àgọ́ Bama. Láàárín oṣù kan, èèyàn 188 ti kú níbẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunre-kánú ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n ka sàréè 1,233 tí wọ́n gbẹ́ nítòsí ibẹ̀ láàárín ọdún kan, 480 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ 480 kúrò nínú 1,233. Ó ku 753. Mi ò sọ pé ebi ló pa gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ń "fara dà á" wà níbẹ̀.

Mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà ogun Biafra. Àwòrán ọmọ oníkùn gbẹ̀ǹdù ni ìwé ìròyìn ń gbé jáde. Nígbà mìíràn ẹ ó rí apá tó gbé ọmọ náà dání, tíntín bí igi ìdáná, ẹ ò ní rí orí ẹni tó ni apá. Wọ́n ti gé e kúrò nínú fọ́tò. (Nílé tiwa náà ńkọ́? Ta ló ń jẹun kẹ́yìn? Ta ni wọ́n ń sọ fún pé kó má jẹ ìgbín kí ọmọ rẹ̀ má baà máa da itọ́?)

Ní oṣù keje ọdún 2025, àjọ oúnjẹ àgbáyé, WFP, kígbe pé owó òun ti tán, pé èèyàn mílíọ̀nù 1.3 lè pàdánù ìrànlọ́wọ́ ní ìlà oòrùn àríwá ilẹ̀ wa, pé ilé ìtọ́jú àìjẹunre-kánú tó lé ní 150 lè tì. Orílẹ̀-èdè tó ra jíìpù fún àwọn aṣòfin ní ọdún 2023, òun náà ló ń retí kí àlejò wá bọ́ abiyamọ rẹ̀.

Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa fi owó tó kù rà: ẹ̀wà, ẹ̀pà, òróró, ẹja gbígbẹ, oògùn ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára àpò pé ti aboyún àti ìyá ọmọ ni. Ìyá Ẹgbẹ́ ní àwọn á rò ó wò. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé. Mo ní okùn tí a fi ń wọn apá aboyún, èyí tí apá rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 23, ebi ti ń pa á. Màá gbé e lọ, màá sì kọ́kọ́ fi wọn apá Ìyá Ẹgbẹ́ fún wọn rí.