Àwo Bàbá Yín Kò Gbó

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì kó àwo orin bàbá yín dànù. Ohun kan ti ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí tí kò yẹ kí a dákẹ́ lé lórí. Àwọn ọmọ wa tó ti ń di géńdé tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo. Inú òbí á dùn, á gun orí àjà lọ, á gbé Hárúnà Ìṣọ̀lá àti Yúsúfù Ọlátúnjí sọ̀kalẹ̀. Wọn á so ẹ̀rọ mọ́ sípíkà, wọn á gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, ohun tí wọn yóò sì gbọ́ kò ní ju ohùn ẹ̀fọn lọ. Wọn á ní àwo ti gbó. Kò ní pẹ́ tí àwo yóò fi dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù fún ìrànwọ́ aláìní.

Àwo kọ́ ló gbó. Àpótí kékeré kan ló kù tí wọn kò rà. Phono preamp ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Nígbà tí rẹ́díógíráàmù wà ní pálọ̀ àwọn bàbá wa, kò sí ẹni tó nílò láti mọ orúkọ rẹ̀, nítorí inú àpótí ńlá yẹn náà ni wọ́n ti ṣe é mọ́ ọn. Lóde òní, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta nǹkan.

Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Iná tí abẹ́rẹ́ ń mú jáde láti inú ìlà àwo kéré jọjọ, nǹkan bíi mílífólítì 5, nígbà tí ẹ̀rọ CD lè mú 2000 jáde. Àpótí yìí ni yóò sọ ọ́ di ńlá. Iṣẹ́ kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo, wọ́n a máa mọ̀ọ́mọ̀ dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n a sì fi kún ohùn òkè. Bí wọn kò bá dín ti ìsàlẹ̀ kù, ìlà yóò fẹ̀ jù, orin tí ojú àwo kan lè gbà kò ní tó nǹkan. Bí wọn kò bá sì fi kún ti òkè, ariwo ṣíṣá ojú àwo yóò borí orin. Ìwọ̀n tí wọ́n ń tẹ̀lé, tí à ń pè ní RIAA, ti wà láti ọdún 1954. Phono preamp ni yóò dá ohun tí wọ́n yọ padà, tí yóò sì mú àfikún kúrò.

Ẹ wá wo ohun tí èyí jẹ́ fún orin tiwa. Nínú àpàlà, agídìgbo ló di ìsàlẹ̀ mú. Láìsí àpótí yìí, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni yóò gba gbogbo etí ọmọ yín, agídìgbo yóò ti wọlẹ̀ lọ, ìlù yóò sì máa dún bí ẹni ń lu agolo. Ọmọ tó bá gbọ́ irú èyí, tó ní orin àwọn bàbá òun kò dùn, n kò lè bá a wí.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá rí ibi tí a lè yí láti PHONO sí LINE, preamp ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yí i sí LINE, ó parí. Bí AT-LP60X ti Audio-Technica ṣe rí nìyẹn. Planar 1 ti Rega kò ní in, àyàfi èyí tí a kọ Plus sí. Ánpílífáyà àtijọ́ tó ní ihò tí a kọ PHONO sí náà ti ní tirẹ̀. Ẹ má ṣe lo méjì pa pọ̀ o, ohùn yóò máa fàya ni.

Bí kò bá sí rárá, ẹ ra èyí tí a kọ MM sí, nítorí irú abẹ́rẹ́ tó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. MC wà fún abẹ́rẹ́ olówó gọbọi. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó lé e nítorí ọ̀la, ọ̀la tirẹ̀ ló ń rò. Kí ó ní ibi tí a ó de okùn tín-ín-rín tó ti ara ẹ̀rọ wá mọ́. Bí okùn yẹn kò bá rí ibi dè mọ́, ariwo hùn-ùn-ùn ni ẹ ó máa gbọ́ lábẹ́ orin. Lójú tèmi, kò sí ìdí tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi ní láti ná ju £100 lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra abẹ́rẹ́ tuntun àti búrọ́ọ̀ṣì ìnuwo, nítorí eruku ọyẹ́ ọdún gbọọrọ ló wà nínú àwo tó ti Ìbàdàn wá. (Ẹ̀rọ tó dà bí àpótí ìrìnàjò, tí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan? N kò fara mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń tẹ àwo jù.)

Àwọn kan yóò ní orin wọ̀nyí ti wà lórí fóònù. Díẹ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn ẹbí tí ọ̀rọ̀ ti dí láàárín wọn jókòó, ohun tí mo sì ń bá pàdé lemọ́lemọ́ ni bàbá àgbà àti ọmọ ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan, tí wọn kò ní ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń ṣe. Lórí fóònù, ọmọ yóò fò ó kọjá. Ojú àwo kan lè tó ogún ìṣẹ́jú, jùjú àwọn ọdún 1970 sì kún fún orin tó ń wọ inú orin títí abẹ́rẹ́ fi dé àárín. Bí Hárúnà Ìṣọ̀lá bá ń kọrin Oroki Social Club, àwo tó gbé jáde ní ọdún 1971, ọmọ yóò bèèrè ibi tí Òròkí wà. Ẹni tó lè sọ pé Òṣogbo ni, tó sì lè sọ bí ìlú náà ti rí nígbà náà, ń bẹ lórí àga nínú pálọ̀ yín. Kò ní máa bẹ níbẹ̀ títí.

Nítorí náà, ẹ má ṣe so ó fún wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ìwé tó bá àpótí náà wá, kí bàbá àgbà sì yan àwo. Kí wọ́n pa sípíkà ná. Pupa mọ́ pupa, funfun mọ́ funfun, kí wọ́n de okùn tín-ín-rín yẹn, kí wọ́n sì yí ohùn sílẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kan àwo.