Kì í ṣe àwo orin ló ṣá, etí wa ló dí



Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn èèyàn wa sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé orin Sunny Adé, ti Obey tàbí ti Haruna Iṣọ̀lá tí àwọn fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ti sú àwọn. Wọ́n á ní, "Àwo yìí ti ṣá, a ti gbọ́ ọ jù." Èmi ò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ títún rédíò àti ẹ̀rọ gramafóònù ṣe ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti gbọ́ àwo kan náà ní àìmọye ìgbà. Ohun tí mo rí ni pé àwo kì í ṣá fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́. Etí ẹni ló máa ń dí.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń dí etí ni àṣejù. Ẹni tó bá jẹ iyán láàárọ̀, tó jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, tó tún jẹ ẹ́ lálẹ́, kò ní pẹ́ sọ pé iyán ò dùn mọ́. Nígbà tó jẹ́ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù là ń lò, ojú kan kì í sábà ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ. Bó bá ti parí, o ní láti dìde lọ yí i padà. Ìdìde yẹn ń rán wa létí pé orin là ń gbọ́. Lóde òní, fóònù á máa kọrin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. À ń fọṣọ, ó ń kọ. À ń jà, ó ń kọ. A sùn, kò dákẹ́. Tó bá wá di ọdún kan, a ní ó ti sú wa. Ṣé a tiẹ̀ gbọ́ ọ rí?

Ìmọ̀ràn mi ni pé àwo tí ẹ bá fẹ́ràn jù, ẹ má gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ẹ gbé e pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù kan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ jókòó tì í, kí ẹ gbọ́ ojú kan péré, kí ẹ sì pa á. Ẹ jẹ́ kí òùngbẹ rẹ̀ máa gbẹ yín.

Èkejì, ẹ máa tẹ̀lé ohun èlò kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo àwo "Synchro System" tí Sunny Adé àti African Beats ṣe ní 1983. Ohùn Sunny nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ fi ohùn yẹn sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀lé gìtá tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ tẹ̀lé gìtá Démọ́lá Adépọ̀jù, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, tí ohùn rẹ̀ ń fà bí ẹni ń sunkún, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń kọ orin àwọn ará oko wọn. Tó bá tún di ọjọ́ mìíràn, ẹ tẹ̀lé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwo kan á di mẹ́rin mọ́ yín lọ́wọ́ láìná kọ́bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni ti ìlù. Gángan kì í kàn pariwo, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ó ń ki èèyàn, ó ń pòwe, nígbà mìíràn ó tún ń bú ni. Àwọn àgbà á gbọ́ ọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ á kàn máa jó. Ṣebí àwọn baba wa ló ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Nínú àpàlà Haruna, kò sí gìtá rárá. Ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agídìgbo ló gbé e ró. Nígbà tó gbé "Òròkí Social Club" jáde ní 1971, àwa ará Òṣogbo mọ̀ pé oríkì ìlú wa ni Òròkí, a sì mọ irú ẹgbẹ́ tó ń kì. Ọmọ tí kò mọ èyí, kí ló fẹ́ gbọ́ níbẹ̀ tí kò ní sú u? Haruna ti kú láti 1983. Lọ́dọọdún ni àwọn tó lè túmọ̀ irú orin bẹ́ẹ̀ ń dín kù. Bí gbogbo wọn bá lọ tán, ìlù á ṣì wà nínú àwo, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tó mọ ohun tó ń wí. Nítorí náà, ẹ pe àwọn bàbá àti ìyá yín jókòó tì yín, kí ẹ bi wọ́n léèrè: ta ni wọ́n ń kì yìí? Kí ni ìlù ń wí?

Ọjọ́ orí pàápàá ń sọ àwo di tuntun. Ẹ rántí ìtàn bàbá, ọmọ rẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Obey fi kọrin ní 1973. Nígbà tí mo wà léwe, ẹ̀rín ló ń pa mí. Nígbà tí mo di ọlọ́mọ, ìyà bàbá yẹn ni mo rí. Nísinsìnyí tí mo ti hewú, àwọn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń dá àwọn ẹlẹ́ni ẹlẹ́jọ́ ni mò ń wò, mo sì ń bi ara mi bóyá èmi náà wà lára wọn. Obey ò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Èmi ni mo yí padà.

Àwọn kan á ní ṣebí Fẹlá pàápàá kì í fẹ́ kọ orin tó bá ti gbé jáde sórí àwo mọ́ lójú agbo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dá tuntun, tiwa ni láti gbọ́. "Zombie" tó ṣe ní 1976 ju 10 ìṣẹ́jú lọ, fèrè àti ìlù sì ń ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ kó tó la ẹnu. Ẹni tó bá fò ó lọ síbi ọ̀rọ̀ ti da ìdajì ọbẹ̀ nù.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tó ti kú gbọ́ ọ. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu eruku, ẹ to àwọn àwo ní òòró, ẹ má kó wọn lérí ara wọn, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn pa wọ́n, kí wọ́n má baà wọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa ni pé kí wọ́n yé gé orin ní ìṣẹ́jú kẹta, kí wọ́n yé sọ̀rọ̀ lórí ìlù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n fi odidi ojú àwo kan sílẹ̀, kí wọ́n sì pe onílù kan wá túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó bá ti sú wa, a ò ní fi kọ́ ọmọ wa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lásán.



Èmi ni tiyín,
Ọmọ Òròkí, a-tún-rédíò-ṣe tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo.