Èjìká Ọdẹ Á San, Etí Ọdẹ Kò Ní San

Ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn tó ti kàwé jáde tipẹ́, tó ń gbé ní Texas báyìí, pè mí lórí fóònù láìpẹ́ yìí. Ó ní òun ti ra ìbọn .30-06 tí òun fi ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín, àmọ́ bí òun bá yìn ín, ńṣe ló ń ti èjìká òun bí ìgbà tí àgbò kan ènìyàn. Ó wá fẹ́ mọ irú búrẹ́ẹ̀kì tó yẹ kí òun rà sí ẹnu rẹ̀. Torí pé ọmọ ọdẹ ni mí ló ṣe bi mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra ìkankan."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí ọta bá ń jáde, afẹ́fẹ́ ẹ̀tù tó ń tì í máa ń tú jáde tẹ̀lé e, ó sì máa ń ti ìbọn padà sí èjìká. Búrẹ́ẹ̀kì jẹ́ irin kékeré oníhò tí wọ́n ń yí mọ́ ẹnu ìbọn. Ihò ara rẹ̀ ló ń darí afẹ́fẹ́ náà sí ẹ̀gbẹ́, nígbà mìíràn sí ẹ̀yìn díẹ̀, kí ìbọn má baà ti èèyàn púpọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Lára ìbọn ńlá, ó lè dín títì náà kù ní ìdámẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ariwo ń bá afẹ́fẹ́ náà rìn. Ohun tí ì bá kọjá lọ síwájú ti wá yí padà sí etí ẹni tó yìnbọn àti ẹni tó dúró tì í. Àwọn onímọ̀ ìlera ní ariwo òjijì tó bá kọjá 140 desibẹ́ẹ̀lì lè ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ìbọn ẹ̀gbọ́n yìí ti kọjá bẹ́ẹ̀ láìní búrẹ́ẹ̀kì. Búrẹ́ẹ̀kì tún ń fi kún un. Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Níbí, eérú ń tọ ẹni tó dà á, ó tún ń tọ ẹnìkejì rẹ̀.

Bàbá mi ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ṣakabùlà ni wọ́n fi ṣọdẹ ní gbogbo ayé wọn, wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ búrẹ́ẹ̀kì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n á dúró nínú òkùnkùn, wọ́n á ní, "Ọ̀yà ń jẹ koríko lọ́hùn-ún," èmi ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Lónìí, ọ̀kadà fun fèrè lẹ́yìn wọn, wọn ò gbọ́. Èjìká wọn ṣì le koko. Bí ìbọn bá ti èjìká lónìí, á san lọ́la. Àmọ́ irun tín-ín-tín inú etí tí ariwo bá ti pa kì í hù mọ́ láéláé. Etí sì ni ọdẹ òru fi ń rí ẹran kí ojú tó rí i.

Nítorí náà, kí èjìká tó dùn yín, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ìbọn bóyá ó bá gígùn apá yín mu. Ẹ fi rọ́bà tó nípọn sí i. Ẹ lo ọta tí ẹ̀tù rẹ̀ kò pọ̀ jù. Ìbọn tó wúwo díẹ̀ náà kì í tini púpọ̀.

Bó bá ṣì jẹ́ búrẹ́ẹ̀kì lẹ ó rà, ẹ rí i pé ihò àárín rẹ̀ fẹ̀ ju ọta lọ, pé ojú ìyí rẹ̀ bá ti ìbọn mu bí nọ́ọ̀tì ṣe ń bá bóòtù mu, àti pé ó dúró gbọọrọ. Bó bá wọ́, ọta lè gbá a. Èyí tó ní ihò nísàlẹ̀ yóò máa da eruku bo ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ yìnbọn. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi í sí i, ẹ tún ìbọn dán wò, torí ibi tí ọta ń bà lè yí padà. Kí ẹ sì dí etí lẹ́ẹ̀mejì: èyí tó ń wọ inú etí àti èyí tó ń bò ó láti òde.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má gbìyànjú irú rẹ̀ lára ṣakabùlà. Irin rẹ̀ kì í sábà nípọn tó ohun tí a lè gẹ́ ojú ìyí sí. Ẹ má sì gbàgbé pé Òfin Ìbọn ọdún 1959 ní kí onísakabùlà àti oníbọn ìgbàlódé ní ìwé àṣẹ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa lókè òkun àti ní Abidjan nìyí: owó búrẹ́ẹ̀kì yẹn, ẹ fi ra ìbòtí. Irú kan wà tó ń lo bátìrì: ó ń jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ń dí ariwo ìbọn. Ẹ ra ọ̀kan fún ara yín, kí ẹ fi ìkejì ránṣẹ́ sí ọdẹ kan nílé. Ti bàbá mi ti bọ́. Àwọn tó ń tẹ̀lé wọn wọ igbó ṣì ń gbọ́ nígbà tí ọ̀yà bá ń jẹ koríko.