Ọwọ́ Ìyá Kò Tó Bẹ́líìtì

Bí ọkọ̀ akérò bá gbéra ní Òmù-Àrán, tó forí lé Ìlọrin, ẹ tẹ́tí sí awakọ̀: “Ẹ so bẹ́líìtì yín o, Róòdù Sẹ́fútì wà níwájú!” Tòun tẹni tó jókòó tì í á fà á kọ́ èjìká. Wọ́n á kọjá àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó yìí tán, wọ́n á tú u. Lẹ́yìn ńkọ́? Ọmọ kan wà lórí itan ìyá rẹ̀, èkejì dúró láàárín àga iwájú méjèèjì, ó ń nagà wo ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó rántí tiwọn.

Ìyá gbà pé ọwọ́ òun tó ọmọ dì mú. Kò tó o. Bí ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá kọ lu nǹkan, tó dúró gbì, ọmọ tó wọn kílò 10 á já síwájú pẹ̀lú agbára tó ju ẹrù kílò 100 lọ. Apá ta ló ká ìyẹn? Bẹ́ẹ̀ ta ló ń rọra sá 50 lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo?

Ẹlòmíràn á so bẹ́líìtì mọ́ ọmọ ọdún márùn-ún, á ní ó parí. Àgbàlagbà ni wọ́n ṣe bẹ́líìtì fún. Lára ọmọdé, okùn òkè á há a lọ́rùn, tìsàlẹ̀ á gun ikùn. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe búsítà nìyẹn, àga kékeré tó ń gbé ọmọ ga, kí okùn ìsàlẹ̀ lè sùn lé ìbàdí, kí tòkè gba orí èjìká sọ̀ kalẹ̀ sí àyà. Ní Ìlú Ọba, dandan ni àga ọmọdé títí ọmọ yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń bọ̀ wálé ọdún láti ibẹ̀, ẹ má fi òfin náà sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ìkókó ní àga tirẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló sì ń kọjú sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní irú àga bẹ́ẹ̀ lè dín ikú ìkókó nínú ìjàǹbá ọkọ̀ kù ní ìdá 71 nínú 100.

Ẹ ó ní owó dà? Tòkunbọ̀ wà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó: ṣé kò sán, ṣé okùn rẹ̀ kò gé? Èyí tó ti Yúróòpù wá máa ń ní àmì aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n kọ R44 tàbí R129 sí. Bẹ́líìtì tó gba èjìká ni búsítà ń bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe ti itan nìkan. Ẹ má fi tìmùtìmù dípò rẹ̀. Yíyọ̀ ló máa yọ̀ lábẹ́ ọmọ.

Ẹni tó ń wọkọ̀ akérò, kó sanwó ìjókòó ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, kó so ó mọ́ ọn. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun.

Àdúrà ìrìnàjò dára, àmọ́ ẹ so ọmọ kí ẹ tó ṣe àmín. Kí awakọ̀ tó ki jíà, ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ ka àwọn ọmọ. Bó bá ku ẹyọ kan tí kò sí nínú bẹ́líìtì, ọkọ̀ ò tíì gbéra.