Ẹ Jẹ́ Ká Rìn Dé Ibi Tí Ọ̀sán Ti Ń Dòru

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí orí WhatsApp ẹ̀ka wa kò sinmi. Ẹnìkan ló gbé máàpù síbẹ̀ pé ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2027, òṣùpá yóò bo oòrùn pátápátá ní ìlú Luxor ní Íjíbítì, ọ̀sán yóò sì dòru fún ìṣẹ́jú mẹ́fà ó lé. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ àjọ. Kíá ni ilé pín sí méjì. Àwọn kan ti ń béèrè iye tí wọn yóò máa dá lóṣù. Àwọn kan ní orí ẹni tó fẹ́ tìtorí òkùnkùn wọ bàálù kò pé, nígbà tí iná ọba ń fún wa ní tiwa lọ́fẹ̀ẹ́ lálaalẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò sí lẹ́yìn wọn. Lójú tèmi, ó yẹ kí èèyàn rìnrìn-àjò nítorí ọ̀sándòru, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé. Ibi tí èmi àti àwọn alájọ ti yà ni pé n kò rò pé Luxor ló yẹ kí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn tó ní "ẹni tó bá jókòó sílé náà yóò rí díẹ̀ níbẹ̀" lóhùn. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òjìji òṣùpá gba Ghana wọ ilẹ̀ Áfíríkà, ó gba Togo àti Benin, ó gba apá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ó sì kọjá lọ sí Niger. Ní Accra, ọ̀sán dòru fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní Èkó, òṣùpá bo nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 oòrùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà níbẹ̀ tó ń ta aṣọ. Ó ní ojú ọjọ́ kàn rẹ̀wẹ̀sì bí ìgbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, oníbàárà kan sì ń ná ankara lọ́wọ́ rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi parí. Ọ̀sán kò dòru l'Ékòó. Nǹkan bí 120 kìlómítà ló wà láàárín Èkó àti etí òjìji náà, ìyẹn bí ìrìn Èkó sí Ìbàdàn. Àjàṣẹ́, tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, tún sún mọ́ ọn ju Èkó lọ, síbẹ̀ kò bọ́ sínú rẹ̀. Ti Lomé ló dùn mí jù: etí ìlú náà báyìí ni òjìji gbà kọjá.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba 97 nínú ìdánwò yóò ṣe àríyá. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, 97 kò yàtọ̀ púpọ̀ sí òdo. Oòrùn mọ́lẹ̀ ju òṣùpá àrànmọ́jú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 400,000. Bí ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún bá ṣẹ́ kù lára rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù yẹn ṣì mọ́lẹ̀ ju òṣùpá àrànmọ́jú lọ ní bí ìlọ́po 12,000. Bẹ́ẹ̀, adé ìmọ́lẹ̀ funfun tó yí oòrùn ká, èyí tí àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ la òkun kọjá, kò mọ́lẹ̀ ju òṣùpá yẹn lọ. Kò lè hàn àfi tí èérún ìkẹyìn lára oòrùn bá wọlé. Nígbà náà ni afẹ́fẹ́ ń tutù, tí àwọn ẹyẹ ń wá ibi wọ̀ sí, tí ìmọ́lẹ̀ bíi ti ìrọ̀lẹ́ ń hàn ní gbogbo etí ọ̀run yíká. Àgùàlà, tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá, lè yọ lọ́sàn-án gangan. Ẹ má bi mí pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá níbẹ̀. Àwa la ni ọ̀rọ̀ náà "ọ̀sán dòru", ẹ jẹ́ ká lọ rí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ibi tí a ó lọ. N kò ní í bu ẹnu àtẹ́ lu Luxor. Aṣálẹ̀ ni, ìkùukùu kì í sábà sí níbẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, ìṣẹ́jú mẹ́fà sì pọ̀ gan-an, nítorí kò sí ọ̀sándòru tó lè kọjá nǹkan bí ìṣẹ́jú méje àtààbọ̀. Ṣùgbọ́n físà ńkọ́? Owó bàálù ńkọ́, àti ilé ìtura ní ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ síbì kan náà? Ẹni tó bá ní in, kó lọ. Ẹni tó fẹ́ fi owó ilé-ìwé kún un, tàbí tó fẹ́ yá a lórí fóònù lọ́wọ́ àwọn tó ń pe ìyá èèyàn tó bá di ọjọ́ owó, kó jókòó.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ ń gbé ní Britain, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Cádiz àti Málaga ní gúúsù Spain wà nínú òjìji náà, Tangier tó wà ní òdìkejì omi yóò sì rí ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ẹ lọ, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí wa.

Ohun kan tún wà tí àwọn alájọ kò mẹ́nu bà. Ní 1919, Arthur Eddington wọ ọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí erékùṣù Príncipe, tí kò jìnnà sí etíkun tiwa níbí, kó lè fi ọ̀sándòru ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún dán ọ̀rọ̀ Einstein wò. Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Inú ìkùukùu ló ti ń ya fọ́tò, díẹ̀ ló sì rí lò nínú wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó lọ sí Sobral ní Brazil ni ojú ọ̀run mọ́ fún. Ẹni tó bá ń lọ, kó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òun lè dé ibẹ̀ kí òun má rí nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká dá àjọ wa dé ọdún 2034. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún náà, òjìji òṣùpá yóò gba Benin àti Nàìjíríà kọjá. Tí a bá pín in dọ́gba, ibì kan náà ń retí nǹkan bí ọdún 375 kó tó tún kàn án. Kò sí físà, ọkọ̀ èrò lásán ni. Ẹni tó wà ní 100 level lónìí yóò ti níṣẹ́ lọ́wọ́, tàbí kó máa wá a.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé a ó tún jókòó. A ó ní "ṣebí Nàìjíríà náà ni mo wà." Òjìji yẹn kò ní fẹ̀ tó 200 kìlómítà, ọ̀pọ̀ ìlú wa ni yóò sì wà níta rẹ̀ bí Èkó ṣe wà ní 2006. Kí kálukú wo máàpù, kó mọ̀ bóyá àdúgbò tirẹ̀ wà nínú. Bí kò bá sí, kó wọkọ̀. Bí ó bá wà ní etí báyìí, kó tún wọkọ̀, torí àárín ló ti ń pẹ́ jù. Òjò àkọ́rọ̀ sì lè ti bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù lóṣù Kẹta, nítorí náà ibi méjì ló yẹ ká fojú sí, kí mọ́tò wà nílẹ̀ tí a ó fi sá fún ìkùukùu. Àwọn tó bá ti di olùkọ́ nínú wa nígbà náà, kí wọ́n ti bá ọ̀gá ilé-ìwé wọn sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n lè kó àwọn ọmọ dání.

Ní ti ojú, omi inú bàsíà kọ́, awò dúdú tí wọ́n ń tà nínú gosiló kọ́. Èyí tí wọ́n kọ ISO 12312-2 sí lára ni kí akápò àjọ rà, kó sì tètè rà á. Ìgbà tí òṣùpá bá bo oòrùn tán pátápátá nìkan la lè bọ́ ọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti tún yọ báyìí, ká dá a padà sójú.