Ibi Tí Ó Ń Jò Tí Kò Kán Omi

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì Àbújá, Kàdúná àti Port Harcourt, ọ̀rọ̀ ẹni tí ń tọ́jú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ka iṣẹ́ rẹ̀ sí iṣẹ́ agbálẹ̀ lásán, ṣùgbọ́n bí pọ́ǹpù bá jóná, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó bá mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú páìpù ni ó lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ṣe rí. Láàrin adágún àti pọ́ǹpù, fífà ni ẹ̀rọ náà ń fa omi. Agbára tí afẹ́fẹ́ ìta fi ń tẹ páìpù níbẹ̀ ju agbára omi inú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ojú ìsopọ̀ kan bá là, omi kò ní jáde. Afẹ́fẹ́ ni yóò wọlé, ilẹ̀ ibẹ̀ yóò sì gbẹ táútáú. Lẹ́yìn pọ́ǹpù, títì ni ó ń ti omi, jíjò ti ibẹ̀ sì ni ó ń kán sílẹ̀ tí gbogbo ojú ń rí. Ìdí nìyí tí ọ̀gá tí ń wá ibi tí ó tutù fi lè wá a títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ní àkókò yìí kan náà, pọ́ǹpù tí kò rí omi tó fà ń gbóná, rọ́bà àti èdìdì inú rẹ̀ sì ń jóná.

Kí ẹ tó tú páìpù kankan, ẹ wo omi adágún fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju ìdajì ẹnu ihò tí ń fa omi ojú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ihò náà yóò máa gbé mì. Ẹ yẹ òrùka rọ́bà abẹ́ ìdérí pọ́ǹpù wò; òun ni ó ń jẹ̀bi jù lọ. Iyanrìn kékeré kan tó láti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ nù ún, kí ẹ fi gírísì sílíkónì pa á. Gírísì mọ́tò a máa ba rọ́bà jẹ́. Bí ó bá ti là, ẹ béèrè fún òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ó kan ọrùn fáàfù àti ìsopọ̀ tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní yúníọ̀nù (orúkọ tí kò ṣe àjèjì sí wa). Bí pọ́ǹpù ti ń ṣiṣẹ́, ẹ máa da omi díẹ̀díẹ̀ sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ da omi sí tí omi inú asẹ́ pọ́ǹpù fi dẹ́kun híhó pútúpútú, ibẹ̀ ni. Ti páìpù abẹ́ ilẹ̀ kọjá agbára yín. Kí òtẹ́ẹ̀lì pe ẹni tí ó ní irinṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe ṣí ìdérí kankan láìpa iná láti orísun rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó kó jọ sínú táǹkì asẹ́ lè ta ìdérí rẹ̀ dànù bí ọta ìbọn. Ẹ ṣí fáàfù afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó tan pọ́ǹpù padà, kí ẹ sì jìnnà sí i. Ọ̀gá tí ó ní kí ẹ yára nítorí àlejò, kí ó dúró.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti gé owó oṣù nítorí ohun tí ó bàjẹ́, àfi bí ó bá jẹ́ pé ìwà àmọ̀ọ́mọ̀hù tàbí àìbìkítà òṣìṣẹ́ ni ó fà á. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ta ni yóò sì pe ẹni tí ó ti kọ̀wé béèrè òrùka rọ́bà lẹ́ẹ̀mẹta ní aláìbìkítà? Nítorí náà, ẹ ní ìwé kan. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, iye tí géèjì ń fi hàn, ohun tí ẹ béèrè àti ẹni tí ó gbà á. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka yín.