Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ẹ Jẹ́ Kí Ìmọ́lẹ̀ Gba Ẹ̀gbẹ́ Wọlé

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ti gboyè jáde, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti gírámà, kì í sì í ṣe ti lítíréṣọ̀, àmọ́ ó kan iṣẹ́ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni. Èrò wa ni pé ọ̀pọ̀ fọ́tò tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń yà nígbà tí a bá lọ ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn àgbà kò wúlò tó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe fóònù wa ló fà á. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ló fà á. A máa ń tan fíláàṣì sí ìyá àgbà lójú, tàbí kí a gbé ring light ka iwájú bàbá tó ń sọ ìtàn ìlú fún wa. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti iwájú wá tààrà máa ń tẹ́ ojú pẹrẹsẹ ni. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá ló ń jẹ́ kí ojú sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ wo òṣùpá. Nígbà tí òṣùpá bá kún, ó máa ń mọ́lẹ̀ rokoṣo, síbẹ̀ ṣe ló máa ń rí pẹlẹbẹ bí àwo. Ìdí ni pé apá ibi tí àwa ti ń wò ó ni oòrùn náà ti ń tàn sí i. Nígbà tó bá ku ìlàjì, ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ti ń tàn sí i, ẹni tó bá sì fi awò awọ̀nàjíjìn wò ó á rí òkè, á rí kòtò, pàápàá ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé. Òṣùpá yẹn náà ni, oòrùn yẹn náà sì ni. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wá nìkan ló yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú ènìyàn ṣe rí. Imú ga, ihò ojú jìn, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ síta, awọ iwájú orí hunjọ. Òjìji ló ń sọ fún wa pé ibí ga, ibí jìn. Fíláàṣì fóònù sì rèé, ẹ̀gbẹ́ ojú kámẹ́rà gan-an ni wọ́n fi í sí. Òjìji tó bá dá á bọ́ sí ẹ̀yìn nǹkan tí a ń yà, níbi tí kámẹ́rà kò ti lè rí i. Ohun tó ṣẹ́kù fún wa ni ojú tó mọ́lẹ̀ tí kò ní òkè, tí kò ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú iwájú orí tó ń kọ mànà bí ike.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù ni ti ilà ojú. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 ti sọ kíkọ ilà sára ọmọdé di èèwọ̀, kí òfin tó dé náà sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti pa á tì. A kò sọ pé kí wọ́n dá a padà o. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí abẹ tún kan ojú ìkókó. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn tó kọ pélé, àwọn tó kọ àbàjà, gọ̀ǹbọ́ tàbí kẹ́kẹ́, ń dàgbà, wọ́n sì ń dín kù. Láàárín ọdún mélòó kan, inú fọ́tò nìkan ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa yóò ti máa rí wọn. Ilà kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n kùn. Ojú àpá ni: ẹlòmíràn jìn wọnú, ẹlòmíràn wú síta, ti ẹlòmíràn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ sínú ìhunjọ awọ. Fíláàṣì á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, fílítà tó ń dán ojú tí àwọn fóònù kan ń tàn fúnra wọn á sì nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ àpilẹ̀kọ ọgọ́ta ojú ìwé lórí ilà, tó wá lẹ fọ́tò ojú tó ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹlẹ́rìí tó ń tako òun fúnra rẹ̀ ló pè wá sílé ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ lórí ènìyàn nìkan. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìlà wẹ́wẹ́ tó wá láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Bí iná bá ti iwájú wá, ìlà náà á dà bí àwọ̀ lásán; bí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ìlà kọ̀ọ̀kan á ní òjìji tirẹ̀, ojú idẹ á sì wá dà bí ojú ẹni tó ń mí. Ẹ tún wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ìlú Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní ìlú London ní ọdún 1924, tó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum títí di òní. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ jáde débi pé àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ já kúrò lára pákó. Ẹni tó bá fi iná iwájú yà á ti sọ iṣẹ́ agbẹ́gilére di iṣẹ́ akunlé. Àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta àtijọ́ mọ àṣírí yìí tipẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ń parẹ́, ẹ̀gbẹ́ òkúta ni wọ́n máa ń gbé iná sí, kí ó lè rá pálá kọjá lórí rẹ̀, lẹ́tà tí ojú kò rí mọ́ á sì jáde.

Irun náà ń kọ́? J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tó gbé ayé láàárín 1930 sí 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin wa ní ọdún 1968. Ó ya ọ̀pọ̀ wọn láti ẹ̀yìn tàbí láti ẹ̀gbẹ́, ní dúdú àti funfun. Kò sí àwọ̀ tó lè gbà á sílẹ̀ níbẹ̀. Ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn ni gbogbo ohun tó ní lọ́wọ́, ìyẹn náà sì ti tó láti jẹ́ kí a mọ bí irun náà yóò ṣe rí bí a bá fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ awọ dúdú náà. Láyé fọ́tò onífíìmù, káàdì kan wà tí Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, kí wọ́n máa fi í díwọ̀n àwọ̀. Obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní káàdì Shirley. Òun ni òṣùwọ̀n. Kí tiwa kàn máa tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn. Káàdì yẹn ti kógbá sílé, àmọ́ èrò inú rẹ̀ kò tíì kógbá sílé lọ́kàn wa. Ìdí rèé tí àwa fúnra wa fi gbà pé kí fọ́tò tó dára, ojú gbọ́dọ̀ funfun. Awọ dúdú kò nílò kí a da iná lé e lórí. Dídán rẹ̀ ló fi ń ṣọlá. Bí ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, irú èyí tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, á dán ní ìlà gígùn kan láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọrùn, bí ìgbà tí a fi òrí pa ara, ìyókù ojú á sì dúró nínú àwọ̀ dúdú tí Ọlọ́run fún un. Rotimi Fani-Kayode, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1955, tó sì kú sí London ní 1989, mọ èyí dájú. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀, kò sá fún òkùnkùn rárá. Ó jẹ́ kí ara dúdú jáde láti inú rẹ̀ pẹ̀lú iyì.

Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tún ń sọ bí ọkàn ṣe rí. Bí apá kan ojú bá mọ́lẹ̀ tí apá kejì sì ṣókùnkùn pátápátá, ẹni náà á dà bí ẹni tó ń ronú jinlẹ̀, tàbí ẹni tó ń pa nǹkan mọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ bá dé apá kejì, tó jẹ́ pé igun kékeré kan ló tàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ibẹ̀, bí Rembrandt ará Netherlands ṣe ń kùn ún ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, ara á tu ẹni tó ń wò ó, àgbà náà á sì dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Àmọ́ agbára yìí ní ewu. Òjìji tó lè fi iyì hàn náà ló lè fi ìyà hàn. A ti rí fọ́tò tí wọ́n ti fi òkùnkùn sọ ìyá tó jókòó jẹ́jẹ́ di àjẹ́ inú fíìmù, tí wọ́n sì mú kí ìhunjọ ojú bàbá tó jẹun yó dà bí ti ẹni tí ebi ń pa. Ẹni tó ni ojú ló yẹ kó kọ́kọ́ rí fọ́tò náà. Bí Màmá bá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, èyí kọ́ ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi rí," kí a pa á rẹ́, kí a tún òmíràn yà. Ìwádìí kò ju ènìyàn lọ.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní àṣà wa kọ́ nìyí. Òótọ́ ni pé Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí fọ́tò àwọn Yorùbá ní ọdún 1978, ṣàlàyé bí àwọn àgbà ṣe ń ya fọ́tò: wọ́n á jókòó sán-ún, wọ́n á kọjú sí kámẹ́rà, wọ́n á gbé ọwọ́ lé orúnkún, agbádá á sì tẹ́ rẹrẹ. Ojú gbọ́dọ̀ hàn gbangba. A fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú kọ sí ọ̀tọ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ọ̀tọ̀. Bàbá lè jókòó bí ọba, kí ó kọjú sí wa tààrà, kí fèrèsé sì wà lápá òsì rẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ kò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé a ti wá rí ilà rẹ̀, a rí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lọ́rùn agbádá, a sì rí ojú òwú lára sányán rẹ̀.

Kò ná wa ní kọ́bọ̀ láti ṣe é. Ẹ pa fíláàṣì, ẹ pa gílóòbù òkè àjà, ẹ pa fílítà. Ẹ gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò wọlé tààrà, tàbí sí ẹnu ọ̀nà. Bí oòrùn bá ń ta wọlé, ẹ fi kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí i. Bí òjìji bá le jù, kí ẹnì kan di aṣọ funfun tàbí páálí funfun mú ní apá kejì, kí ó lè da ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà sójú. Ẹ rántí pé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń jìnnà ló ń dín kù kíákíá. Lọ́dọ̀ iná kékeré bíi gílóòbù tàbí tọ́ọ̀ṣì, bí ẹ bá sún sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù. Fèrèsé fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kì í tètè dín kù tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ìṣísẹ̀ kan péré lè yí fọ́tò padà. Lórí fóònù, ẹ tẹ ojú ẹni náà, kí ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, nítorí fóònù máa ń fẹ́ sọ òkùnkùn di ọ̀sán.

Bó bá jẹ́ ìta gbangba ni, ẹ má yà á lọ́sàn-án gangan. Oòrùn tó wà lókè orí á sọ ihò ojú di kànga. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, tàbí kí ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku ojú ọ̀run máa ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn, á sì rọ̀ dáadáa fún iṣẹ́ yìí.

A kò ní kí a máa lò ó fún ohun gbogbo. Fọ́tò ìwé ìrìnnà fẹ́ kí ojú mọ́lẹ̀ dọ́gba, ìwé àtijọ́ tí a fẹ́ kà náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, bákan náà ni àdìrẹ tí a fẹ́ rí gbogbo àwòrán ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bí aṣọ òkè ṣe rí lọ́wọ́ la fẹ́ fi hàn, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ti wúlò.

Àbá wa rèé fún gbogbo ẹni tó ń múra àpilẹ̀kọ àṣekágbá lọ́wọ́: ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, tó sì gbà kí ẹ ya òun, ẹ ya fọ́tò méjì. Kí ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tó dọ́gba, kí èkejì gba ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá fọwọ́ sí i, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà sábẹ́ wọn, kí ẹ sì tẹ ẹ̀dà kan fún un. A máa ń ṣọ́ àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyí lójú méjèèjì, kí ìtumọ̀ má baà ṣì. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ojú tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde bẹ́ẹ̀ náà.